Tọ́ọ̀ṣì Mẹ́ta Nínú Báàgì Ìyá Télọ̀

Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni Ìyá Télọ̀ kó sínú báàgì tó fẹ́ gbé lọ síbi ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣètò fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríran àtàwọn ará ilé wọn. Ńlá kan, kékeré kan, àti èyí tín-ín-tín tí wọ́n ń so mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́. Ó fi aṣọ ìnura wé ńlá, ó ki kékeré bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó sì fi ìkẹta sí àyà aṣọ rẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù òfin kọjá lójú ọlọ́pàá. Àmọ́ ọmọ tó ń fi etí ríran kò ṣeé tàn jẹ bọ̀rọ̀.

"Màmá, kí ló ń dún nínú báàgì yẹn?"

"Tọ́ọ̀ṣì ni."

"Mélòó?"

"Ọ̀kan."

"Màmá."

"Ó dáa, mẹ́ta."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ lọ síbi tí àwọn tí kò ríran pé sí, ẹ wá kó tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta dání. Ta lẹ fẹ́ tanná fún?"

"Ara mi," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, àmọ́ ó sọ ọ́ bí àwàdà. Òótọ́ tí èèyàn bá sì ti fi àwàdà wé, kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tú u wò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ yìí, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Lọ́yà ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé láti kékeré ni kì í ti í jẹ̀bi láì kọ́kọ́ bá adájọ́ jiyàn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló máa ń forí gbá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọlé láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn ẹnu àpò. Ní báyìí, kò mọ̀ ju pé ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú lọ.

Ohun tí Lọ́yà kò mọ̀, tí bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìrìn àjò kò mọ̀, tí àwọn ọmọṣẹ́ kò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ni pé okùn ẹnu àpò náà ti ń fà lójú Ìyá Télọ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án, bí ó bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń rí i kedere: abẹ́rẹ́, òwú, ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá ojú rírán rẹ̀ wíjọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé àlùmọ́gàjí sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, ilẹ̀ ti gbé àlùmọ́gàjí mì nìyẹn. Ó wá fi téèpù ìwọnṣọ tó ti gbó so ó mọ́ ọrùn, ó ní bí àwọn télọ̀ ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́bàá tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Ọjọ́ kan kì í lọ kó má fi ojúgun gbá a. "Ta ló tún gbé àpótí yìí síbí?" Àwọn ọmọṣẹ́ á wo ara wọn. Àpótí kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Alárìnkiri. Bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, Ìyá Télọ̀ á ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́, pé òun kì í ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí Ọlọ́run ló dá alẹ́ fún ìsinmi. Àwọn oníbàárà á ní obìnrin yìí mà mọ Ọlọ́run o. Ọlọ́run tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò dá sí i.

Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ ojú Lọ́yà wò ti là á mọ́lẹ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn yìí ń gbà rìn, láti ara òbí dé ara ọmọ. Ó ní kí bàbá àti ìyá náà wá yẹ ojú wò. Ìyá Télọ̀ ní tòun dá ṣáká. Ó yọ abẹ́rẹ́ nínú àpamọ́wọ́, ó ki òwú bọ̀ ọ́ níṣojú dókítà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó bá wọn lọ gbé ojú sókè, ó ń wo àjà. "Ní tiwa o, dókítà, kò sí afọ́jú ní ìdílé wa rí." Kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò wojú ẹnikẹ́ni sọ, etí ẹni tó ni ín náà ni í bọ́ sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kan ti jókòó sí àyà Ìyá Télọ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Kì í ṣe ẹ̀rù òkùnkùn nìkan. Òkùnkùn, bóyá ó lè bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Ohun tó ń jí i kalẹ̀ ní ìdájí ni ọjọ́ tí Lọ́yà máa mọ̀: tí ọmọ náà máa kọ ojú sí i, ojú tí kò ríran yẹn, tó máa ní, "Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá."

Ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Ilé gígùn kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba iwájú gbogbo yàrá rẹ̀ kọjá, àtẹ̀gùn kúkúrú sì sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá. Ní òpin àgbàlá ni ẹ̀rọ omi wà lábẹ́ igi ńlá kan. Láàárín ilé àti ẹ̀rọ omi ni gọ́tà jíjìn kan wà tí kò ní ìdérí.

Ọkùnrin tó ń darí ìpàdé kò ríran láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Tíṣà Ọ̀pá ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn. Ó ga, aṣọ rẹ̀ kò rún rárá, kò sì fẹ́ràn àánú.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òbí," ó wí ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé tí gbogbo wọn jókòó sí gbọ̀ngàn. "Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má máa wí fún wa pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ kí i pẹ̀lẹ́. Bí kò bá ṣubú, ẹ káàárọ̀ ti tó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, pariwo látẹ̀yìn pé, "Tíṣà, bí òbí ló bá ṣubú ńkọ́?"

"A ó kí i kú ìnáwó," ni Tíṣà Ọ̀pá fèsì, "torí lọ́la lẹ máa ṣubú. Láàárọ̀, àwọn ọmọ á kọ́ ọ̀pá. Lọ́sàn-án, a ó fi aṣọ di ẹ̀yin òbí lójú kẹ́ ẹ rìn díẹ̀. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, dókítà ojú ń bọ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń bọ̀ wá yẹ̀ wò o, wọ́n ti wo tiwọn títí ó ti sú wọn. Ẹ̀yin òbí àtàwọn ọmọ yín yòókù ló ń bọ̀ wá wò, torí òmíràn nínú nǹkan ojú yìí, inú ìdílé ló ń gbé."

Ìyá Télọ̀ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó sọ ti dókítà fún un. Lórí rédíò ni Lọ́yà ti gbọ́ nípa ìpàdé náà. Ọ̀pá àti orin nìkan ni wọ́n sì dárúkọ. Ó tẹ̀ sí etí ọmọ rẹ̀.

"Sọ́ńdè láàárọ̀ kùtù la máa lọ o. Aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀."

"Oníbàárà wo? Gbogbo wọn ló ti wá kó aṣọ wọn ká tó kúrò nílé. Mo gbọ́ ohùn wọn."

Èèyàn kò lè bí ọmọ tó létí tó báyìí kó tún rí ibi tó tẹ́jú pa irọ́ sí.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó gbà á bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, ojú rẹ̀ ní pípadé, ẹnu rẹ̀ ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń kọ́ ilé náà sórí: ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára ògiri, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ láàárín yàrá méjì, ibi tí ìgbẹ̀yìn àtẹ̀gùn ti fọ́ létí. Ó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó gbé ẹsẹ̀ ré gọ́tà kọjá, ó padà, ó tún lọ. Ìlò alẹ́ ló ń tọ́jú, bí ẹni ń pọn omi sílẹ̀ de ọ̀dá.

"Ẹ wo obìnrin àdúrà!" ni Bàbá Dírẹ́bà kígbe láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Ó ń ya gbogbo ilé sí mímọ́ kí á tó sùn. Màmá, ẹ má gbàgbé yàrá tèmi o, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀!"

Irọ́ kọ́ ló pa. Àdúrà náà wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. "Olúwa, ojú ọmọ mi ti wà lọ́wọ́ Rẹ, mi ò bá Ọ jà. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, ṣé O kò lè ṣe bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà láyé tó yẹ kí O bójú tó ṣáájú mi."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tọ́ọ̀ṣì ńlá lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́yà wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin yòókù, ẹ̀rín wọn ń lọ láti ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé èkejì. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín náà dákẹ́. Ìyá Télọ̀ rántí gọ́tà. Ó dìde jókòó. Kò sí ibi tó lè lọ. Bí òun bá jáde nísinsìnyí láti wá ọmọ, ta ló máa wá òun? Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, títí ẹ̀rín tún fi bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ nígbà náà pé ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ ti tán lára òun ní alẹ́. Ohùn lásán ló kù.

Ní àárọ̀ Sátidé, Lọ́yà gba ọ̀pá funfun fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi na òpó, ó fi na àga, ó fi na Tíṣà Ọ̀pá gan-an lójúgun.

"Ejò kọ́ ni mò ń jẹ́ o," ni tíṣà wí. "Rọra. Jẹ́ kó máa fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ. Ibi tó bá kàn, ẹsẹ̀ rẹ á lọ síbẹ̀. Ibi tí kò bá rí nǹkan kàn, dúró."

Ìyá Télọ̀ ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ nà sílẹ̀ láti gbá ọmọ mú. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ gọ́tà, ó lanu láti pariwo. Ìdí ọ̀pá rì, Lọ́yà dúró gbagidi. Ó fi ọ̀pá tú inú kòtò náà wò, ó wọn fífẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó he wúrà.

"Màmá! Kòtò kan wà níbí o! Ẹ ṣọ́ra!"

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan láti ibi ìjẹun, wọ́n dojú rẹ̀ dé gọ́tà bí afárá kí àwọn òbí má bàa kú sọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá fi aṣọ dúdú oníṣẹ́po méjì di òbí kọ̀ọ̀kan lójú. Láti orí àga, wọ́n á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á bu omi sínú ife, wọ́n á sì gbé e padà wá jókòó. Àwọn ọmọ wọn á máa tẹ̀ lé wọn.

Bàbá Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ dìde. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ńlá kọjá lórí afárá tóóró kò lè kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ó lọ kọ lu òpó, ó sì tẹrí ba fún un. "Ẹ má bínú, sà."

"Dádì, òpó ni," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Kí ló dé tí kò fi yà fún mi?"

Ìyá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀, ó ní òun ti dé, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi wá bá òun. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan.

Ó kan Ìyá Télọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lábẹ́ aṣọ náà, kò retí rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó ń retí pé kó ríran. Kò sí ohun tó máa ṣe bí ẹni rí i, kò sí àpótí tó máa dá lẹ́bi. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ògiri, ó sì ń lọ. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí nìyí. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ nìyí. Ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, ó fo èyí tó fọ́ létí, ó gba orí bẹ́ǹṣì kọjá. Nídìí ẹ̀rọ, ó fi ìka kan kọ́ etí ife kó lè mọ ìgbà tí omi bá kún dé. Ó gbé e padà. Ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wá àga, ó jókòó. Omi kò ta sílẹ̀.

Àtẹ́wọ́ wá bú jáde.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló jí i. Ó yẹ kó forí gbá nǹkan! Ó yẹ kó da ìdajì omi nù, kó ké yéè, kó kí òpó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tó ti ń rán láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ó yọjú!" ni Bàbá Dírẹ́bà pariwo. "Ẹ yẹ aṣọ yẹn wò! Télọ̀ ni, ó mọ ibi tí aṣọ ti ń fẹ́jú!"

Tíṣà Ọ̀pá súnmọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màmá, ta ló kọ́ yín?"

"Ẹnì kan kọ́. Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run náà a máa lo tíṣà," ó wí, kò sì bi í ní nǹkan mìíràn.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gbá a lójú. Ó dìde kíákíá láti kúrò níwájú èrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ báàgì ẹnì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì gbá ògiri mú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín: ẹni tó fi òkùnkùn rìn tí kò ṣubú, ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́ gbé e ṣubú. Lọ́yà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́yà tí kì í dákẹ́ lójú oorun pàápàá kò sọ nǹkan kan. Kò sọ̀rọ̀ títí dìgbà tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì padà síbi ìjẹun, tí wọ́n jẹun alẹ́ tán.

Ìyá Télọ̀ ti wà ní yàrá, ó ń di ẹrù. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ló fẹ́ wọ̀, kí dókítà tó dé. Lọ́yà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ sìn mí dé ìdí ẹ̀rọ omi. Mo fẹ́ fi ọ̀pá dánra wò."

"Ilẹ̀ ti ń ṣú."

"Ṣé ilẹ̀ tí kò ṣú ni mo máa ń rìn lórí ẹ̀ ni?"

Kí ni ìyá fẹ́ fi fèsì sí ìyẹn? Ó wo tọ́ọ̀ṣì ńlá. Bí ó bá gbé e, ó ti jẹ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì kọjá sápá òsì níbi tí gọ́tà ti parí sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni Lọ́yà yàn. Nígbà tí wọ́n fi dé abẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ ti fà lọ bí omi tó wọ inú iyanrìn. Òkùnkùn bo ojú Ìyá Télọ̀ pátápátá. Ó fọwọ́ sí àyà aṣọ rẹ̀, ó tẹ tọ́ọ̀ṣì kékeré ìdí kọ́kọ́rọ́. Ojú abẹ́rẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan ló rí, kò rí ohun tó ń tàn sí.

"Mo gbọ́ pé ẹ tẹ tọ́ọ̀ṣì," ni Lọ́yà wí.

Ó pa á.

"Màmá, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má fi Ọlọ́run dá mi lóhùn o."

"Bi mí."

"Nígbà tí wọ́n di Bàbá Dírẹ́bà lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà. Ó ń tẹlẹ̀ bí ẹni ń tẹ ẹyin. Ìyá àgbà yẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ tiyín kò yí padà. Bí ẹ ṣe ń rìn nílé lálẹ́ gan-an lẹ ṣe rìn."

Ìyá Télọ̀ sún sẹ́yìn. Ìdí igi ń kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fara tì í bí ẹni tí wọ́n lé dé ògiri.

"Ìgbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò ni ẹsẹ̀ yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Láti ìgbà wo ni, Màmá?"

"Ó ti tó ọjọ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ṣé kóòtù la wà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá Télọ̀ wá ohun tó máa sọ, àwàdà kan, ẹsẹ ìwé mímọ́ kan, oníbàárà kan. Gbogbo ibi tó máa ń sá sí ti tì. "Ó ti pẹ́," ó wí. "Alẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́."

"Bíi tèmi."

"Bíi tìrẹ."

Ó ń dúró dè é, bí ẹni tó ti kúnlẹ̀ de ẹgba. Ó sì gbọ́ ọ.

"Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá nígbà yẹn," ni Lọ́yà wí.

Ìyá Télọ̀ ti gbọ́ gbólóhùn yìí lọ́pọ̀ ìdájí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí ní irú ohùn yìí, ohùn ẹni tó kàn rí ibi tí nǹkan ti sọnù. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò múra sílẹ̀ fún.

"Mo rò pé èmi nìkan ni!" Ẹkún ti wọ ohùn ọmọ náà. "Nínú ilé yẹn, Màmá, mo rò pé èmi nìkan ni mo wà nínú òkùnkùn yìí. Mo dá jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ jókòó tì mí, ẹ ò ké sí mi!"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù ò bà mí ni?"

Ìyá Télọ̀ na ọwọ́ síbi tí ohùn ti ń wá. Ó kọ́kọ́ kan afẹ́fẹ́. Ó tún nà á, ó kan èjìká, ó tọ èjìká dé ọrùn, ó tọ ọrùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tutù rinrin. Lọ́yà kò gbé ojú kúrò. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń rí ẹnì kejì.

"Lọ́la, ẹ máa rí dókítà," ni Lọ́yà wí nígbẹ̀yìn.

"Ọkọ̀ àárọ̀..."

"Màmá."

"Ó dáa."

Ó kù kí wọ́n padà. Ilé wà lọ́ọ̀ọ́kán, ohùn Bàbá Dírẹ́bà ń ti ibẹ̀ wá, ó ń sọ bí òun ṣe bá òpó jà. Ìyá Télọ̀ di ọwọ́ ọmọ mú, ó sì bọ́ síwájú, nítorí iwájú ni ìyá máa ń wà. "Jẹ́ ká gba ọ̀nà tààrà. Mo mọ̀ ọ́n. Bẹ́ǹṣì wà lórí gọ́tà."

Ó ti gbé ẹsẹ̀ kí Lọ́yà tó fà á lápá sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára. "Ẹ dúró!"

Ọ̀pá ti rì. Wọ́n gbọ́ bó ṣe kan ìsàlẹ̀ gọ́tà lọ́hùn-ún, níbi tó jìn, tí omi díẹ̀ wà.

"Bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi jẹun alẹ́ lẹ ń sọ," ni Lọ́yà wí. "Orí rẹ̀ la jókòó sí tí a jẹ ìrẹsì."

Ẹsẹ̀ Ìyá Télọ̀ ṣì wà lókè. Ó rọra gbé e padà sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọ́ sórí, gbogbo ògiri tó fọwọ́ pa, ó rò pé òun ti fi wọ́n ra ìbàlẹ̀ ọkàn. Bẹ́ǹṣì kan ló ti kúrò níbi tó wà, ikú ì bá sì ti gbà á. Alárìnkiri ti rìn lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi," ni Lọ́yà wí. "Ẹ di ìgúnpá mi mú. Ẹ má fà mí o, ẹ kàn dì í mú."

Ó dì í mú. Ó dì í mú bí ìgbà tí ọmọ ń di ẹ̀yìn ìyá mú lọ́jà. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìdáná padà, ọ̀pá ń kan ilẹ̀ níwájú, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń kan ilẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dáwọ́ dúró, ọkàn Ìyá Télọ̀ náà a dúró.

Dókítà ojú dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ọmọbìnrin kan tí kò dàgbà ju àkọ́bí Ìyá Télọ̀ lọ. Kíláàsì kan ni wọ́n fún un, wọ́n sì fi aṣọ dúdú ta fèrèsé pa. Lọ́yà mú ìyá rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá Dírẹ́bà tó ń jáde bọ̀ ń nu ojú. "Màmá Àdúrà, ẹ má fòyà. Ó ní ojú tèmi pé pérépéré. Ó wá bi mí pé kí ni mo ń fi wò tí mo fi lọ kọ lu òpó."

Inú yàrá ṣókùnkùn. Ìyá Télọ̀ fi ẹsẹ̀ wá àga. Kò fi í pa mọ́. Ìtànṣán kékeré kan wọ ojú rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń gbọ́ bí dókítà ṣe ń mí. Ó gbọ́ pé èémí náà dúró díẹ̀.

Dókítà tan iná. "Màmá, ẹ wo imú mi. Ẹ má yí ojú o. Ìka mélòó lẹ rí lápá ọ̀tún yín?"

Ó lè méfò. Méjì ni wọ́n sábà máa ń nà, ó mọ̀. Ó ti gbọ́ ọ títí nígbà tí wọ́n ń yẹ ojú Lọ́yà wò. Ó sì ń gbọ́ bí apá aṣọ dókítà ṣe ń dún. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ pe "méjì" kó tó mọ̀. Bí ó bá wí i, ó lè lọ sílé bó ṣe wá, kó máa bá àpótí jà nìṣó.

"N kò rí ìka kankan."

"Lápá òsì ńkọ́?"

"N kò rí i, ọmọ mi."

Dókítà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní kì í ṣe òní, kì í ṣe ọ̀la. Pé ẹlòmíràn a máa lo èyí tó kù fún ọjọ́ pípẹ́. Pé òun kò ní purọ́ fún un, òun kò mọ bó ṣe máa yá tó. Kó wá sí ọsibítù. Kó má ṣe rìn lóun nìkan lálẹ́ mọ́. Ìyá Télọ̀ ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ó ti wí i fún àjèjì. Kò sí bó ṣe máa kó o padà.

"Ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tó ní irú rẹ̀?"

"Ọmọ mi. Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ló mú mi wá."

Dókítà tún pa iná, ó ní kó dúró kí òun ká aṣọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n láti ìta, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá kan ilẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, kọ́, kọ́, kọ́, láì kánjú. Ìyá Télọ̀ dìde. Ẹ̀rù, àlejò àyà rẹ̀, kò lọ; ó bá a dìde. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ síwájú, ó sì ń tọ ìró náà lọ.